Àbàtà Tí Mo Ṣe fún Erinmi

Títí di òní olónìí, bí mo bá wọ ilé ẹnìkan tí òórùn bílíìsì ìfọṣọ sì gba imú mi, ara mi á kọ́kọ́ bù máṣọ kí n tó rántí kí onílé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rò pé àìsàn imú ló ń dà mí láàmú, wọ́n sì ti júwe oríṣiríṣi àgbo fún mi. N kì í bá wọn jiyàn. Ohun tó ń ṣe mí kò sí nínú imú rárá, àmọ́ bí mo bá ní kí n ṣàlàyé rẹ̀, màá ní láti sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ nígbà kan, kò sì wù mí kí wọ́n mọ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni nígbà náà, níbi tí mo ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ mọ́ omi. Èmi àti ìyá mi ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ lẹ́yìn Bọ́ládé ní Òṣòdì, níbi tí ariwo àwọn tó ń kiri ọjà ti máa ń jí wa kí àkùkọ tó rí àyè kọ. Mo ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ó fi sú mi, kí ọkùnrin kan tí òun àti ìyá mi jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tó sọ fún wa pé ọ̀gá òun kan ní ọgbà ẹranko kékeré lẹ́yìn Àgọ́ Palace, pé ọ̀rọ̀ omi ibẹ̀ sì ti dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu òwò. Ó ní ìjàpá, ó ní ọ̀nì méjì, pẹ́pẹ́yẹ oríṣiríṣi, àwọn ọ̀bọ tí kò níwà, àti ọmọ erinmi kan ṣoṣo tó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń tò wá láti Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Abo ni. Ìyàwó ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí pé ojú máa ń tì í. Bí àlejò bá ti dé báyìí, orí rẹ̀ á wọnú omi, ó di ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ dáadáa kó tó yọ imú síta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú omi tí erinmi ń gbé náà ló ń yàgbẹ́ sí. Bí wọ́n bá pààrọ̀ omi lónìí, kó tó di ọ̀túnla ó ti dúdú bí omi aró, gbogbo àdúgbò á sì máa fi ọwọ́ dí imú. Bí wọ́n bá tún dà á nù, inú gọ́tà ló ń lọ, àwọn ará ilé kejì á gbé ìjà dé ẹnu géètì. Èmi gbé àwòrán mi dé, mo sì sọ fún ọ̀gá pé kó má pààrọ̀ omi mọ́, kó jẹ́ kí omi máa fọ ara rẹ̀. Àbàtà ni mo fẹ́ ṣe, irú èyí tí Ọlọ́run dá sí etí odò láìgba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Omi ẹlẹ́gbin á kọ́kọ́ wọ kòtò kan tí ìgbẹ́ á ti rẹlẹ̀. Á wá máa ṣàn gba orí òkúta tí a tò ní àtẹ̀gùn mẹ́ta, láàrin koríko odò àti kókò, títí á fi dé adágún kékeré tí ojúoró àti òṣíbàtà bò lójú. Láti ibẹ̀, páìpù á dá a padà sọ́dọ̀ Ìyàwó ní mímọ́. Ọ̀gá wò mí títí, ó ní, "Ó dáa, Ẹnjiníà. Erinmi mi dọwọ́ yín." Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí wọ́n gbé odindi erinmi lé lọ́wọ́, kí ni kò ní rò nípa ara rẹ̀? Mo dé ilé, mo ní kí ìyá mi máa pè mí ní Ẹnjiníà. Ó ní kí n kọ́kọ́ fọ abọ́.

Ibi iṣẹ́ yìí ni mo ti pàdé Ìyá onígbálẹ̀. Opó ni, láti ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé Ailegun. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ọgbà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, tí àwa yòókù bá fi máa dé, kò ní sí ewé kan nílẹ̀. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó máa ń bá àwọn oníèso tọrọ ní Àgọ́ Palace ló fi ń mú Ìyàwó lọ́rẹ̀ẹ́, bó bá sì ti pe ẹranko náà báyìí, kò ní tijú rẹ̀, á gbé gbogbo orí síta. Ìyá yìí fẹ́ràn mi ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ènìyàn bá wà níbẹ̀, "ẹ" ni ó máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀ nítorí ipò mi. Bó bá ku àwa méjì, mo di "ìwọ", mo di "ọmọ mi", á wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Kò tíì rí obìnrin tó ń ṣe ẹnjiníà rí láyé rẹ̀. Ó ní bí ọmọ òun bá rí mi, ó yẹ kó kọ́gbọ́n.

Àwọn lébírà tó ń gbẹ́ kòtò fún mi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo ń gbin kókò sáàrin òkúta, ọ̀kan nínú wọn fi ṣọ́bìrì dúró, ó ní, "Àǹtí Ẹnjiníà, àbí ọbẹ̀ lẹ fẹ́ sè níbí ni? Kókò ti wà, ó ku ẹja." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Ìyá kò jẹ́ kí n dáhùn. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọkùnrin ńkọ́, kí lẹ ti gbẹ́ látàárọ̀? Ẹnu lẹ fi ń gbẹ́lẹ̀?" Lẹ́yìn náà ló yíjú sí adágún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da ewé omi sí, ó sì gbàdúrà fún mi: "Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Wàá lékè wọn." Mo ṣe àmín. Mo gbà pé bó ṣe máa rí gan-an nìyẹn.

Ó sì kọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa tó oṣù kejì, omi ti mọ́ débi pé a ń rí ẹsẹ̀ Ìyàwó nísàlẹ̀. Àwọn ará ilé kejì kò wá jà mọ́. Gbogbo ènìyàn ń ya koríko odò ní fọ́tò, wọ́n rò pé òun ló ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe òun nìkan. Ohun kan wà tó ń yọ̀ mọ́ òkúta lára bí omi ilá, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé tó ti ń pọ́n, tó ń rùn díẹ̀ bí ẹrẹ̀ etí odò. Inú rẹ̀ kún fún ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, àwọn ló sì ń jẹ májèlé inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kí omi tó mọ́. Bí wọn kò bá sí, àbàtà mi kò ju òkúta àti omi lọ. Mo mọ èyí bí ẹní mowó. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó le koko, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́bàá àbàtà, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òkúta wọ̀nyí.

Ìyá dúró tì mí pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Kò mọ̀wé. Ó ní, "Ẹnjiníà mi, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?" Ẹnìkan ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Ìkẹjà nípa iṣẹ́ mìíràn. Mo fọwọ́ bo fóònù, mo ní, "Ọ̀rọ̀ omi ni, Màmá. Kò kàn yín." Ó ní, "Ó dáa o," ó sì lọ gbá abẹ́ igi. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi lónìí pé mo lè kó gbogbo ìwé ẹ̀rí mi sílẹ̀ kí n fi gba ọ̀rọ̀ yẹn padà, màá sáré lọ kó wọn wá.

Kò pẹ́ sí i ni ọ̀gá kó àwọn àlejò pàtàkì wá wo àbàtà. Mo wọ kóòtù nínú oòrùn, mo ń ṣàlàyé. Ọ̀kan nínú wọn, baba oníkùn kan, gun orí òkúta, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó kù díẹ̀ kó ṣubú. Ojú tì í, ó wá sọ ọ́ di ìbínú. Ó ní, "Iṣẹ́ obìnrin! Ibi tó yẹ kó máa mọ́ ló ń yọ̀ báyìí. Báwo wá ni ilé ìdáná ẹ ṣe máa rí?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ ò rí ayé mi? Ìyá wà lẹ́yìn wa tó ń kó ewé gbígbẹ. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, n kò sì kíyè sí i.

Lẹ́yìn èyí, mo di ẹni tó ń káàkiri. Mo ń fi fọ́tò àbàtà wá iṣẹ́ ní Ìkẹjà, ní Lẹ́kí, n kì í sì í dé ọgbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè mí pé omi tún ti ń dúdú, mo ní kí wọ́n fọ ẹ̀rọ tó ń fa omi. Nígbà tí wọ́n ní ojú Ìyàwó ń ṣomi, mo ní bóyá kòkòrò ló kó sí i. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Kò jẹ koríko mọ́, kò jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàápàá. Dókítà ẹranko dé, ó wò ó, ó ní, "Omi yìí ni, kì í ṣe oúnjẹ." Mo ní, "Omi kẹ̀? Àbàtà tèmi?" Mo tú páìpù, mo tún un dè. Kókò mi ti pọ́n, mo ní oòrùn ni. Òkúta inú àbàtà sì ń dán gbinrin, èmi ẹnjiníà omi wá dúró níbẹ̀, mo ń sọ pé òjò alẹ́ àná ló ṣàn wọ́n. Gbogbo ènìyàn ni mo bi léèrè ọ̀rọ̀ nínú ọgbà yẹn àyàfi ẹni tó ń gbálẹ̀.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ara mi kò balẹ̀ mọ́, mo tètè kúrò ní Bọ́ládé. Ẹnu géètì ni mo ti gbọ́ òórùn bílíìsì. Mo rìn dé ìdí àbàtà, mo bá Ìyá lórí ìkúnlẹ̀ nínú omi, ó ti ká ìró rẹ̀ sókè, ó gbé bàsíà mẹ́ta kalẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ọṣẹ, ọ̀kan ti bílíìsì, ọ̀kan ti omi tútù. Ó ń mú òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ó ń rì í, ó ń ṣàn án, ó ń tò ó padà síbi tó ti mú un gẹ́lẹ́. Àtẹ̀gùn kejì ló dé. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń ṣoore ní ìkọ̀kọ̀.

Ó ní, "Ẹnjiníà mi, o tètè dé lónìí! N ò fẹ́ kí o rí mi. Láti ọjọ́ tí baba oníkùn yẹn ti fi ọ́ rẹ́rìn-ín ni mo ti ń fọ̀ ọ́, àtẹ̀gùn kan lóòjọ́. Wọn ò tún ní sọ pé iṣẹ́ ọmọ mi dọ̀tí." Ó ní nígbà tí àìsàn Ìyàwó wá bẹ̀rẹ̀, òun fi kún bílíìsì, nítorí pé ìmọ́tótó borí àrùn bí ọyẹ́ ti ń borí ooru. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rà á bọ̀ láti Ailegun.

Mo lọgun. Mo ní, "Yéè! Màmá, ẹ ti pa á!"

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí, lórí òkúta tútù, mo ṣàlàyé ohun tó ń yọ̀ yẹn fún un, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, bí bílíìsì ṣe ń pa á. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, Yorùbá tó yé ọmọdé ni mo fi sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ló sì yé e. Ó wá wo ògiri, ó ní, "Ṣé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

A da gbogbo omi nù, a fa omi tuntun, dókítà gún Ìyàwó lábẹ́rẹ́. Ìyá kò lọ sílé fún ọjọ́ méjì, ó ń fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ Ìyàwó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta ni erinmi náà kú. Orí rẹ̀ wà lókè omi, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ dúró lẹ́yìn wáyà tí wọ́n ń wò ó, kò sì sá fún wọn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sunkún ẹranko, mo sì sunkún orúkọ mi, n kò lè sọ èwo ló pọ̀ jù.

Ọ̀gá pe gbogbo wa sí ọ́fíìsì. Ó ti sọkún, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀gá kò wo Ìyá, èmi ló wò. Ó ní, "Ẹnjiníà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ sọ fún obìnrin yìí pé kó má fọwọ́ kan òkúta yẹn?"

Mo mọ ìdáhùn. Ìdáhùn náà wà lórí ahọ́n mi. Mo rántí Ìkẹjà, mo rántí Lẹ́kí, mo rántí ìyá mi tó ti ń sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń ṣe omi fún erinmi. Mo ní, "Ìkìlọ̀ wà lára ògiri, sà. Ó ti pẹ́ tí mo ti lẹ̀ ẹ́." Kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Àwọn àgbà ní àbàtà ta kété bí ẹni tí kò bá odò tan. Èmi tí mo kọ́ àbàtà, èmi náà ni mo ta kété lọ́jọ́ yẹn.

Mo ń dúró kí Ìyá sọ pé òun béèrè. Mo ti múra sílẹ̀ pé bó bá sọ ọ́, màá ní n kò rántí. Ìyá tẹjú mọ́ mi fún ìgbà díẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá, ó ní, "Èmi ni mo ṣe é, sà. Ẹ má bá Ẹnjiníà wí. Àìmọ̀wé ni." Ọ̀gá ní kó máa lọ, kó má padà wá mọ́.

Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, bóyá mo fẹ́ sọ òótọ́, kò dá mi lójú. Kí n tó la ẹnu, ó ti yíjú padà, ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ìyá tó tó bí mi lọ́mọ. Ó ní, "Ẹnjiníà mi, forí jì mí. Mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́." Mo fa apá rẹ̀ kó lè dìde. Mo ní, "Ẹ dìde, Màmá. Mo ti dárí jì yín." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó na ìró rẹ̀, ó sì lọ. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó ti gbàgbé pé òun béèrè lọ́wọ́ mi, tàbí ó rántí, tó kàn bò mí láṣìírí.

Ọ̀gá kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí tó dára fún mi. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Mo ti ṣe àbàtà púpọ̀ láti ìgbà náà, fún ọ̀nì, fún ìjàpá, fún ẹyẹ, ní ìlú yìí àti lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà ti wá dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń pè ní Màmá. Bí mo bá dé ibi iṣẹ́, n kì í lẹ ìwé mọ́ ògiri. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ pè jọ, màá ní kí wọ́n ki ọwọ́ bọ inú omi, kí wọ́n fọwọ́ kan ohun tó ń yọ̀, màá sì sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún wọn. Àwọn ènìyàn ń yìn mí fún èyí, wọ́n ní ọmọlúwàbí ni mí. N kì í mọ ibi tí màá kọjú sí bí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Ó pẹ́ kí n tó lè lọ sí Ailegun. Nígbà tí mo wá lọ, mo ti ka ohun tí mo fẹ́ sọ sórí látilé. Ọmọbìnrin Ìyá ló ṣílẹ̀kùn. Ìyá ti padà sí ìlú wọn, ó ti kú, wọ́n ti sin ín. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, ojú rẹ̀ sì là. Ó ní, "Háà! Àṣé ẹ̀yin ni Ẹnjiníà Màmá! Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ yín títí wọ́n fi kú o. Wọ́n ní àwọn ba iṣẹ́ yín jẹ́, ẹ ò bú wọn, ẹ ò sì pe ọlọ́pàá, ẹ kàn ní ẹ ti dárí jì wọ́n. Ẹ̀rù ikú ò bà wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọlọ́run á dárí ji ẹ̀yin náà, mà." Ó gbé omi tútù fún mi. Mo mu ún. Gbogbo ohun tí mo kà sórí, n kò rí ọ̀kan sọ nínú rẹ̀.

Ó máa ń pè mí ní gbogbo ọdún Kérésì láti ìgbà náà, pé kí Ọlọ́run bá àwọn san oore tí mo ṣe fún ìyá àwọn. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, mo máa ń sọ fún ara mi pé lọ́dún yìí, màá sọ òótọ́ fún ọmọ yìí. Fóònù á dún, á gbàdúrà fún mi, èmi á sì ṣe àmín.